Ọmọbìnrin Tí Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

  Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà lónìí dá lórí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù ọkùnrin.

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ní Òkè-Bùkún, àwọn ọmọkùnrin a kó ara wọn jọ sí pápá ilé-ìwé. Bàtà méjì ni wọ́n fi ń ṣe òpó ilé góòlù. Àwọn ọmọbìnrin a máa gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, korobá omi lórí wọn. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù a yí wá sí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ náà a fi ẹsẹ̀ gbá a padà, omi orí rẹ̀ kò sì ní dà. Àwọn ọmọkùnrin a hó yèè.

Ìyá kan nínú kíláàsì wa sọ fún wa ní alẹ́ ọjọ́ kan pé ọmọ òun wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun máa gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá náà ní, "Bàbá rẹ̀ sọ pé ọmọbìnrin tí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù kò ní bímọ. Ẹ̀yin tíṣà, ṣé òótọ́ ni?"

Rárá o, kì í ṣe òótọ́. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ti di ìyá ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n a kò bá baba ọmọ náà jà, nítorí kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Òyìnbó pàápàá ti sọ ọ́ rí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sójú ogun, àwọn obìnrin sì bọ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ọta ìbọn. Ní ìlú Preston, ní ọdún 1917, àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Dick, Kerr dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Owó tí wọ́n bá gbà lẹ́nu ọ̀nà pápá, wọ́n a fi tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1920, ènìyàn 53,000 ni ó wọlé wò wọ́n ní Liverpool. Ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìlú kò ní iye ènìyàn bẹ́ẹ̀?

Inú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kò dùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1921, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kankan má ṣe fún obìnrin ní pápá mọ́. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kò yẹ ara obìnrin. Nǹkan bí 50 ọdún ni àṣẹ yìí fi wà nílẹ̀. Ẹ wò ó, ọta ìbọn rírọ yẹ ara obìnrin, bọ́ọ̀lù ni kò yẹ!

Ní Bùnú tiwa láyé àtijọ́, iṣẹ́ obìnrin ni aṣọ híhun lórí òfì tí a nà ró. Síbẹ̀, aṣọ ipò, aṣọ pupa tí a fi ń ṣe òkú àgbà, ọkùnrin ni ó máa ń hun ún nígbà náà, lórí òfì kan náà yẹn. A kò tíì gbọ́ ọ rí pé òfì sọ ẹnikẹ́ni nínú wọn di obìnrin.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí Nàìjíríà. Ọdún 1990 ni ìdíje àwọn ẹgbẹ́ obìnrin jákèjádò orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì, 1991, Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ ti obìnrin wáyé ní ilẹ̀ Ṣáínà. Nínú gbogbo Áfíríkà, Nàìjíríà nìkan ni ó lọ. Ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n jẹ́ kí àwọn obìnrin gbá nígbà náà, dípò 90 tí ọkùnrin ń gbá, bí ẹni pé wọn yóò ṣubú lulẹ̀ kí 90 tó pé. Jámánì gbá góòlù 4 wọlé wa. Ìgbà mẹ́ta ni a wọ pápá, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n nà wá, a kò sì rí góòlù kan ṣoṣo gbá wọlé. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1998 títí di ìdíje tí wọ́n gbá ní ọdún 2025, ìgbà 10 ni àwọn obìnrin wa, tí a ń pè ní Super Falcons, ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà.

Níbo ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde? Inú ẹgbẹ́ kéékèèké ni. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kan nínú wọn. FC Robo ni orúkọ rẹ̀, Èkó ni ó wà. Ọ̀gbẹ́ni Osahon Orobosa ni ó dá a sílẹ̀, láti ara orúkọ tirẹ̀ ni "Robo" sì ti wá. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Nàìjíríà, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń bọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Rivers Angels ti Port Harcourt, bẹ́ẹ̀ ni Bayelsa Queens, bẹ́ẹ̀ ni Sunshine Queens ti Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n Robo kì í ṣe ti ìjọba. Ẹni tí kò bá ní ìjọba lẹ́yìn ní láti wá ọmọ tí ojú ayé kò tíì rí, kí ó kọ́ ọ, kí ó sì ní sùúrù.

Ní nǹkan bí ọdún 2009, ọmọbìnrin kan láti Ìkòròdú wọ ẹgbẹ́ náà. Asisat Oshoala ni. Ọmọ ọdún 14 tàbí 15 ni nígbà náà. Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ bọ́ọ̀lù rárá, ìwé ni wọ́n fẹ́ kí ó kà. Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó gbè é lẹ́yìn. (Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ wà ní kíláàsì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ni à ń wí.) Ó kúrò ní Robo ní 2013, ó lọ sí Rivers Angels. Ní 2014, ní ilẹ̀ Kánádà, nínú Ife Àgbáyé àwọn tí kò ju 20 ọdún lọ, ó gbá góòlù 7, wọ́n sì ní òun ni ó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú gbogbo wọn. Ní 2015 ó lọ sí Liverpool, ìlú kan náà tí ènìyàn 53,000 ti wo àwọn obìnrin Preston. Lẹ́yìn náà ó gbá fún Barcelona. Ìgbà 6 ni wọ́n ti yàn án ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà.

Bí Oshoala ti ń lọ, ọmọ mìíràn ń dé. Rasheedat Ajibade, ọmọ Múṣin, wọ Robo ní 2013. Ọdún 5 ni ó lò níbẹ̀ kí ó tó ré kọjá sí ilẹ̀ Norway, lẹ́yìn náà sí Spain. Òun ni balógun Super Falcons ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, ní ìlú Rabat, nígbà tí Morocco kọ́kọ́ gbá 2 wọlé wa. Ilé ti dákẹ́, redíò nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa dá 2 padà, wọ́n sì fi ọ̀kan lé e. 3 sí 2. Ajibade ni wọ́n yàn ní ẹni tí ó dára jù nínú ìdíje náà.

Ṣé ayọ̀ nìkan ni? Rárá. Ní 2004, àwọn obìnrin wa gba ife Áfíríkà ní South Africa, wọ́n na Cameroon 5 sí 0. Wọ́n gba ife tán, wọn kò rí owó tí a ṣèlérí fún wọn. Wọ́n bá jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí owó bá dé. Ní 2016 wọ́n tún jókòó bẹ́ẹ̀ ní Àbújá, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ni kí ó gba owó iṣẹ́.

Nítorí náà, ìyá ọmọ tí ó bi wá ní ìbéèrè, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹnìkan bá wá sílé yín, tí ó ní òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ béèrè ìwé àdéhùn. Ẹ má tẹ̀ka sí i o! Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ jókòó, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́, ẹ wá ẹni tí ẹ fọkàn tán kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá iye ọdún wà níbẹ̀, bóyá iye owó oṣù wà níbẹ̀, àti ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ bí ó bá fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Bí ó bá ní òkè òkun ni òun ń mú un lọ, tí ọmọ náà kò sì tíì pé ọdún 18, ẹ fura. Òfin FIFA, àwọn tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù gbogbo àgbáyé, kò gba ìyẹn láyè, àfi ní ìdí mélòó kan. Oshoala ti pé 20 kí ó tó lọ sí Liverpool.

Kò sì di dandan kí ọmọ rìn jìnnà. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ìpínlẹ̀ wa ní ẹgbẹ́ obìnrin tirẹ̀, Confluence Queens. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Lọ́kọ́ja lè mú ọmọ rẹ̀ dání lọ wò wọ́n.

Ìbéèrè: Ta ni ó dá FC Robo sílẹ̀? Láti 1921 sí 1971, ọdún mélòó ni? Kí ni àwọn obìnrin wa ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì ní 2004, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ẹ kọ orúkọ ọmọbìnrin kan ní àdúgbò yín tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá sínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ iye ọdún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.