Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Kò sí ilé Àgùdà ní Ṣábẹ tí kàlẹ́ńdà kò sí lára ògiri rẹ̀. À ń fi ka oṣù, à ń fi ka ọjọ́ Àjíǹde, bẹ́ẹ̀ la ò gbàgbé ọjọ́ ọjà wa tó ń yí lọ́rọọrún. Ìtàn kàlẹ́ńdà yìí ni mo fẹ́ fi gba ẹlẹ́gbẹ́ èésú nímọ̀ràn.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú kàlẹ́ńdà tí Julius Caesar fi lélẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 ni ọdún fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ta ni ìṣẹ́jú 11 máa dùn? Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea lọ́dún 325 títí di 1582, ó ti di ọjọ́ 10, Àjíǹde sì ti ń yẹ̀ kúrò ní àsìkò rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Póòpù Gregory Kẹtàlá ti pé ẹni 80 ọdún nígbà tó fọwọ́ sí àtúnṣe kàlẹ́ńdà náà. Kò ní kí àwọn ará ẹ̀yìn wá tún un ṣe. Olùkọ́ òfin ni tẹ́lẹ̀, kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀, nítorí náà ó kó àwọn tó mọ̀ ọ́n jọ. Oníṣègùn kan, Luigi Lilio, ló ti ronú ọ̀nà àbáyọ náà kó tó kú. Wọ́n fi àbá náà ránṣẹ́ sí àwọn ọba àti yunifásítì kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Nígbà tó yá, Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹwàá 1582, lọ tán, ilẹ̀ mọ́, ó di Ẹtì, 15.

Èyí tó wù mí jù ni pé wọ́n dí ihò tí àṣìṣe náà ń gbà wọlé. Ọdún tó parí ọ̀rúndún, bíi 1700 àti 1900, kò ní 29 Oṣù Kejì mọ́, àfi èyí tí 400 bá pín dọ́gba, bíi 2000.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ìwé èésú bá fi 100 sẹ́fà yàtọ̀ sí owó inú àpótí, ẹ má dá a dúró di ìparí ọdún. Ẹ wá a lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹ sì yí ọ̀nà ìkọ̀wé tó bí i padà. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ń ra kajú, ẹ yẹ òṣùwọ̀n wò kí àpò àkọ́kọ́ tó gùn ún. Bó bá sì jẹ́ ìyàwó kékeré ló rí àṣìṣe, ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ṣe bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ àtúnṣe Gregory nítorí pé ọ̀dọ̀ Póòpù ló ti wá. Nígbà tí wọ́n máa gbà á lọ́dún 1752, ọjọ́ 11 ni wọ́n fò, kì í ṣe 10 mọ́.