ÀWỌN BALÓGUN NÍNÚ ERÉ ORÍ ÌTÀGÉ ILẸ̀ SÍPÉÈNÌ

Àwọn àgbà a máa fi òwe wá ọ̀rọ̀ tí ó bá sọnù. Ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkú balógun ni àwọn tí ń kọ eré fi ṣe òwe fún àwọn alààyè. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ yẹ ọ̀nà wọn wò nínú eré mẹ́ta.

Ti èkíní ni *La viuda de Padilla*, tí Martínez de la Rosa kọ. Ní Cádiz ni a ti ṣe é ní 1812, nígbà tí ogun Faransé dó ti ìlú náà. Padilla ni olórí ogun àwọn ìlú Castile tí ó kọ ìjọba Ọba Charles; a bẹ́ ẹ lórí ní 1521. Nínú eré náà, opó rẹ̀ kọ̀ láti juwọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Cádiz kò wá ògbufọ̀.

Ti èkejì ni *Guzmán el Bueno*, tí Gil y Zárate kọ ní 1842. Guzmán ni ó ń ṣọ́ ìlú Tarifa ní 1294. Àwọn ọ̀tá mú ọmọ rẹ̀, wọ́n ní bí kò bá ṣí ìlú sílẹ̀ àwọn yóò pa á. Guzmán ju ọ̀bẹ ara rẹ̀ sí wọn láti orí odi. Ní ọdún kan náà, Ọ̀gágun Espartero ni adelé ọba. Nínú oṣù Kejìlá ni ó pàṣẹ kí a yin àgbá lu Barcelona, ìlú orílẹ̀-èdè òun tìkára rẹ̀. Balógun orí ìtàgé fi ọmọ rẹ̀ gba ìlú là. Èyí tí ó wà láàyè fi iná sun ilé àwọn ará ìlú.

Ti ẹ̀kẹta, *Macarronini I*, ti Navarro Gonzalvo, fi òwe sílẹ̀. Ní 1870 ó fi Amadeo ará Ítálì ṣe ẹ̀fẹ̀ ní gbangba, ọba tí Ọ̀gágun Prim, olórí ìjọba, wá fún ilẹ̀ náà. Àwọn oníkùmọ̀ ya wọ inú ilé eré ní Madrid, wọ́n sì da eré náà rú. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà ni a yìnbọn fún Prim tìkára rẹ̀. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn akọni, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè: Ta ni ó kọ ọ́? Ta ni ó wà lórí oyè nígbà náà? Àwọn wo ni wọ́n kú tí eré kò dárúkọ wọn? Bí a kò bá béèrè, ìyìn nìkan ni a ó máa kọ́ wọn. A kò tí ì kọ́ wọn ní ìtàn.