Bí oníṣòwò kéékèèké ṣe lè lọ gbafẹ́ ní Brazil láìjẹ owó ọjà

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí ọjà láì sinmi ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọ̀kan nínú wọn ní Bàbáńlá, nípìńlẹ̀ Kwara, bá sọ pé Brazil lòun fẹ́ lọ gbafẹ́, kò yẹ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún làwọn oníṣòwò ti ń wọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, tí wọ́n ń kó obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òkè lọ tà. Ohun tó léwu níbẹ̀ ni kéèyàn fi owó ọjà ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó padà dé wá bá ṣọ́ọ̀bù òfìfo.

Èkínní ni owó. Ká ní gbogbo ìnáwó náà, látorí tíkẹ́ẹ̀tì dórí oúnjẹ, jẹ́ ₦3,600,000. Ẹni tó bá ń yọ ₦200,000 nínú èrè rẹ̀ lóṣooṣù yóò kó o jọ ní oṣù 18. Inú àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni kó máa fi í sí, kó má ṣe wà nínú àpótí owó ìtajà. Bí èrè ọjà kò bá gbé iye yẹn, kó fi kún oṣù tí yóò fi dúró, kó má yá owó elélé. Kó tó gbéra, kí òun àti ẹni tí yóò dúró sí ṣọ́ọ̀bù jọ ka ọjà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi owó tí wọ́n máa fi ra ọjà tuntun sílẹ̀.

Èkejì ni ibi àti ìgbà. Brazil tóbi ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, São Paulo sí Salvador nìkan sì lé ní 1,000 kìlómítà. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́wàá, ìlú kan ni kó mú. Salvador yóò tètè mọ́ ọmọ Yorùbá lára: wọ́n ń fi epo pupa dín àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, ní títì, wọ́n sì ń ṣọdún Yemọja létí òkun ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n nígbà ọdún Carnival, ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, owó ilé ìtura máa ń gbówó lórí. Oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ló rọ àpò lọ́rùn jù.

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà, Èkó àti Abuja sì ni ọ́fíìsì aṣojú Brazil wà. Kí físà jáde kéèyàn tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá padà. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò, kó sì mú yẹ́lò káàdì dání.

Físà ìgbafẹ́ kì í ṣe físà ọjà títà. Obì, irúgbìn àti ẹran gbígbẹ tí kò ní ìwé àṣẹ ni wọ́n lè gbà ní pápákọ̀ òfurufú. Èyí tó burú jù ni ẹrù ẹlẹ́rù: léraléra ni àjọ NDLEA ti mú èrò tó ti São Paulo dé Èkó pẹ̀lú kokéènì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n bá òun mú báàgì kékeré kan dání, “rárá” ni kí wọ́n dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ ẹbí.

Ojú nìkan ni oníṣòwò lè fi ṣòwò níbẹ̀: kó wo bí wọ́n ṣe ń to ọjà ní ọjà São Joaquim ní Salvador, kó sì mú ọgbọ́n bọ̀ wálé. Ìgbafẹ́ tó pé ni èyí téèyàn ti dé, tí ọjà rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ.