Ẹ̀rọ tó gbóná jù

Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kì í dúró de ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ gbóná jù, kò sì lágbára mọ́. Ẹnìkan ti yọ ìdérí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Àṣìṣe ni. Ìdérí náà ló ń darí afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ara ẹ̀rọ.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ó tutù.
2. Ẹ nu ìdọ̀tí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀.
3. Ẹ dá ìdérí padà.
4. Ẹ yọ eruku inú asẹ́ afẹ́fẹ́.
5. Ẹ wo òróró ẹ̀rọ. Bí ó bá dín, ẹ fi kún un.

Ìbéèrè: Kí ni iṣẹ́ ìdérí?