Ẹ̀kọ́: Bí A Ti Ń Yẹ Ìlànà Ìjọba Wò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí ìjọba bá gbé ìlànà tuntun jáde, ẹ bèèrè: ta ni yóò jèrè, ta ni yóò sì ru ẹrù rẹ̀?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kòkó. Láti 1947 ni Bọ́ọ̀dù ìjọba ti ń dá iye lé e. Apá kan èrè àgbẹ̀ Ìkọ́lé àti Ọ̀yẹ́ sì ń wọ àpò ìjọba. Ní 1986 ìjọba pa Bọ́ọ̀dù rẹ́, owó kòkó sì fò sókè. Àṣeyọrí ni, àbí? Ẹ rọra. Ọdún náà gan-an ni náírà já wálẹ̀. Èyí pẹ̀lú gbé owó náà ga. Oògùn tí a fi ń fín kòkó náà wọ́n sí i. Àwọn oníṣòwò kan ń ra kòkó tí kò gbẹ, orúkọ kòkó wa sì bàjẹ́ lókè òkun.

Ẹ mú ìlànà kan tí ó kàn yín wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò báyìí.