Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Títún Ọ̀nà Òkè Ṣe ní Ìgbà Òjò àti Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, a fẹ́ kí a jọ yẹ iṣẹ́ kan wò tí àwọn baba wa máa ń fi ọ̀wẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi sílẹ̀ fún ìjọba. Iṣẹ́ náà ni títún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gun òkè ṣe. Ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá kúrò ní Òmù-Àrán níhìn-ín lọ wo ìṣàn omi Òwu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, tàbí Ayíkúnugbá ní Òkè-Ìlá, yóò rí i pé ibi tí mọ́tò ti dúró ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà lẹ́bàá òkè kò sì ní ọ̀nà mìíràn. Orí ni ìyá àgbà fi ń ru iṣu sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

1. Kí nìdí tí iṣẹ́ yìí fi kàn wá?

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára àwọn ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Àdíìsì tún sọ fún wa nípa ọkùnrin kan tó mú ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún kúrò lójú ọ̀nà, tí Ọlọ́hun sì torí rẹ̀ forí jì í. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò sọ fún wa pé òun ló ni ọ̀nà náà, tàbí pé wọ́n sanwó fún un. Ó rí ẹ̀gún, ó sì ronú kan ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀mí èèyàn sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá ṣubú tí ó ṣẹ́sẹ̀ lórí òkè, ọkọ̀ kankan kò lè débẹ̀. Èèyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí igbó bá ti bo ọ̀nà, tí àgbàrá sì ti gbẹ́ àárín rẹ̀ di kòtò, àwọn tó gbé e pàápàá lè ṣubú. Ọjọ́ tí a nílò ọ̀nà kọ́ ni a ń tún un ṣe.

2. Omi ni ọ̀tá ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé koríko ló ń ba ọ̀nà jẹ́. Koríko kàn ń bò ó ni. Omi ló ń jẹ ẹ́ run. Àwọn àgbà ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí omi bá rí ọ̀nà tó lọ tààrà láti òkè sí ìsàlẹ̀, yóò sọ ọ́ di odò tirẹ̀. Yóò kọ́kọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà yóò tú gbòǹgbò síta, níkẹyìn yóò ku òkúta nìkan. Àwọn arìnrìn-àjò yóò wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn yóò tẹ ọ̀nà tuntun, omi yóò sì tún tẹ̀ lé wọn débẹ̀.

Ìdí nìyí tí àbùjá fi burú lórí òkè. Ẹni tó la ọ̀nà kọ́rọ́kọ́rọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan; ó fẹ́ kí ìrìn omi lọ́ra ni. Ẹni tó gba àbùjá láàárín ìkọ́rọ́ méjì ti lànà fún àgbàrá.

3. Kí la ó ṣe ní ìgbà kọ̀ọ̀kan?

Ní agbègbè wa, òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní oṣù kẹrin, ó sì máa ń lọ ní oṣù kẹwàá.

Oṣù kẹta, kí òjò tó dé: ẹ kó ewé àti iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú gbogbo ojú omi tó dábùú ọ̀nà. Bí a bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti fi ṣiṣẹ́ nínú ọdún, ọjọ́ yìí ni kí ó jẹ́.

Ìgbà òjò: iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni tiwa. Ẹ gé ohun tó ń bo ọ̀nà, ẹ sì ṣí ojú omi tó dí. Nígbà tí òjò bá dá, ẹ rìn ín wò kí ilẹ̀ tó gbẹ, ẹ ó rí ibi tí omi gbà kọjá. Àpáta máa ń yọ̀ gan-an, pàápàá níbi tí ohun aláwọ̀ ewé ti hù sí i. Bí ojú ọ̀run bá ṣú tàbí tí ààrá ń sán, ẹ má gun òkè. Ẹ má sì dúró nínú odò lábẹ́ ìṣàn omi, nítorí òjò lè máa rọ̀ lókè odò kí oòrùn ṣì máa ràn níbi tí ẹ wà.

Oṣù kọkànlá: ìgbà iṣẹ́ ńlá nìyí. Òjò ti lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì le. Ẹ to òkúta, ẹ gbẹ́ ojú omi tuntun, ẹ sì ṣán koríko kí iná ìgbẹ́ tó dé.

Ìgbà ọyẹ́: ilẹ̀ ti le bí òkúta, kùrukùru ọyẹ́ kì í jẹ́ kí a rí ọ̀ọ́kán. Wèrèpè ti gbó, irun rẹ̀ sì ń fò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ gbé omi mímu dání, ẹ má sì dáná rárá.

Ohun kan tún wà fún àwa Mùsùlùmí. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún oòrùn. Nítorí náà, oṣù Ràmàdáánì lè bọ́ sí àsìkò iṣẹ́ ńlá ní àwọn ọdún kan. Kí ẹgbẹ́ wo òṣùpá kí ó tó dá ọjọ́ ọ̀wẹ̀.

4. Bí a ṣe ń ṣe é

Àkọ́kọ́, ẹ gba àṣẹ. Ẹ rí Ọba tàbí baálẹ̀ àti àwọn tó ni ilẹ̀, nítorí ọ̀nà lè gba inú oko olóko kọjá.

Èkejì, ẹ mú ọkọ́, àdá, dígà, ṣọ́bìrì àti ayùn wá. Kí ẹni tó ń lo àdá jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ojú omi dagun, kí ó má dábùú ọ̀nà gbọọrọ. Bí ó bá dagun, omi yóò gbá iyẹ̀pẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Bí ó bá dábùú gbọọrọ, iyẹ̀pẹ̀ yóò dí i. Kí fífẹ̀ rẹ̀ tó ojú ọkọ́ kan, kí ó lè rọrùn láti kó. Níbi tí òkè bá ti dà gan-an, kí àwọn ojú omi súnmọ́ ara wọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn dípò igi, nítorí ikán. Ẹ ri òkúta náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó má mì bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gé koríko, ẹ má fà á tu. Gbòǹgbò ló di ilẹ̀ mú. Kí ẹnì kan sì máa dúró lẹ́yìn láti wo iṣẹ́, nítorí ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́.

5. Bí ẹ bá hú nǹkan àtijọ́

Ẹ má gbàgbé pé Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa, níbi tí a ti rí àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí ọkọ́ yín bá kan òkúta gbígbẹ́ tàbí ìkòkò àtijọ́, ẹ dúró, ẹ má gbé e, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ fi tó àwọn aláṣẹ ìlú àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Ohun ìní gbogbo wa ni.

6. Àpẹẹrẹ láti ibòmíràn

Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni a ń gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fi sílẹ̀. Àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ pàápàá ń fẹ́ ìgbálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà Appalachian, tó parí ní 1937, gùn ju máìlì 2,000 lọ, ó sì gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n pín in sí apá-apá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì mọ apá tirẹ̀. Ohun tí a lè kọ́ nìyí: ọ̀nà tí gbogbo wa ni kì í ní olùtọ́jú, àfi tí a bá pín in.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Ọ̀nà òkè wo ló súnmọ́ ẹ̀ka yín, ta ni ó sì ń lò ó jù?
2. Èé ṣe tí ojú omi fi gbọ́dọ̀ dagun?
3. Nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni yóò gba apá wo, ọjọ́ wo ni ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ ìdáhùn ìkẹta sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kí ẹ tó túká. Kí Ọlọ́hun gbà á ní sàráà lọ́wọ́ wa. Àmín.