Agbọ̀n Ìyà Lórí Èjìká

Bí a ò bá jìyà tó kún agbọ̀n, a ò lè jẹ oore tó kún ahá. Ta ni wọn ò tíì fi òwe yìí lé lọ sílé ìwé rí? Ibi tí mo ti wá rí i báyìí ló ń bí mi nínú: wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri jíìmù kan ní Barnawa, níhìn-ín ní Kàdúná, lókè ibi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ ti irin sókè.

Àbúrò ìyàwó mi wà lára wọn. Ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun. Ẹni tó bá sì ń gbé ìlú tí NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun, wà kò ní ṣàìfẹ́ kí apá tòun náà ki. Èmi gan-an ni mo sanwó jíìmù fún un, ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí à ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ìkérora nínú yàrá. Mo wọlé, mo bá ọmọkùnrin tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a ki ọwọ́ bọ ẹ̀wù bí ọmọ ọlọ́dún méjì. Apá ọ̀tún kọ̀, kò gòkè kọjá ọmú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti ń dùn ún. Ó ń fi ìpara Aboniki pa á, ó ń gbé oògùn ìrora diclofenac mì láìjẹun, ó sì ń lọ gbé irin. Ó ní nígbà tóun sọ fún kóòṣì, ṣe ni kóòṣì na ìka sí ògiri.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Páìpù ni wọ́n ń gbé, wọ́n da kọnkéré sínú ike ọ̀dà sí i lápá méjèèjì. Èmi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Bí owó bá kéré, kọnkéré náà ń wúwo. Ṣùgbọ́n ike apá ọ̀tún kún ju tòsì lọ, ojú lásán ni mo fi rí i. Wọ́n ń ju irin lu àyà kó lè ta padà sókè. Ìgbọ̀nwọ́ wọn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí igún tó sá ìyẹ́ sóòrùn. Ọ̀kan jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń gbé irin gba ẹ̀yìn ọrùn sọ̀ kalẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ń fa nǹkan kan. Títì ni, títì ni, nítorí pé àyà ni dígí ń fi han èèyàn, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀, èjìká kì í ṣe ìbàdí. Orí eegun itan jókòó sínú ihò tó jìn, bí ọmọ odó nínú odó. Orí eegun apá ní tirẹ̀ dà bí ọsàn tí a gbé lé àwo pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ọwọ́ họ ẹ̀yìn, tí a sì lè fi já máńgòrò. Iṣan mẹ́rin ló di ọsàn yẹn mú kó má yí ṣubú. Ọ̀kan nínú wọn gba abẹ́ eegun orí èjìká kọjá, ibẹ̀ sì há. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá yà jù tí ẹrù sì wúwo, ojoojúmọ́ ni eegun á máa há iṣan náà. Ẹran apá máa ń tètè ki. Iṣan kì í yára bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kéré. Láàárín oṣù mẹ́ta ọmọ náà ti ní ẹran tó lè gbé ohun tí iṣan rẹ̀ ò tíì lè gbà.

Ẹ wo Paul Kehinde, tó gba wúrà fún Nàìjíríà ní Paralympics Rio lọ́dún 2016. Orí bẹ́ǹṣì lòun náà dùbúlẹ̀ sí, tó ń ti irin sókè. Nínú ìdíje tiwọn, irin gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí àyà kó tó gòkè; bí apá kan bá ṣáájú èkejì, adájọ́ á fagi lé e. Èyí tí àwọn ọmọ Barnawa ń gbé, kò sí adájọ́ tí yóò kà á.

Nígbà tí èmi àti àbúrò ìyàwó mi dé ọ̀dọ̀ àwọn físíò tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, wọn ò ní kó fi apá kọ́rùn, wọn ò sì ní kó sá fún irin títí láé. Kó dín ẹrù kù títí ìrora á fi rọlẹ̀. Kó jẹ́ kí ara àti apá ya ọfà, kó má ya àgbélébùú. Kó yé gbé irin gba ẹ̀yìn ọrùn. Ìgbàkigbà tó bá ti, kó fà. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ló so mọ́ irin fèrèsé wa báyìí. Ó ń fà á sí ìhà, ó sì ń lẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà fi ọwọ́ yí i síta. Ìyàwó mi ní fèrèsé òun á wó. Kó wó.

Ẹran tó ń ta lápá méjèèjì, tó sì lọ ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gún nínú oríkèé, tí kì í jẹ́ kí ẹ fi ìhà náà sùn, tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí kò dín, ẹ gbé e lọ sí Barau Dikko tàbí ilé ìwòsàn mìíràn tó ní físíò. Bí apá ò bá gòkè rárá, tí ìka ń kú, tàbí tí ẹ gbọ́ tó dún “pà”, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ̀yin àgbà, bí èjìká bá ń dùn tí àyà ń fún, tí òógùn ń bò yín, ẹ má fi Aboniki pa á o. Ọkàn lè ni. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ wá kóun fa apá náà, kóun fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ. Iṣan tó ya kì í ṣe eegun tó yẹ̀.

Ẹ tún wo òwe náà fúnra rẹ̀. Agbọ̀n kan ìyà, ahá kan oore: irú òwò wo nìyẹn? Ẹ ru agbọ̀n ẹ̀wà lọ sí ọjà Sheikh Abubakar Gumi, kí ẹ ní ẹ fẹ́ fi gba mudu kan ṣoṣo, àwọn alábàárù á pé lé yín lórí wo wèrè. Mo gbà pé òwe náà tọ̀nà fún ẹni tó ń jí sáré ní Murtala Square nínú ọyẹ́, fún ẹni tó ń fi sùúrù gbé kílò 20 nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé 60. Ìyà nìyẹn. Kí iṣan ya kì í ṣe ìyà, ìfarapa ni, kò sì sí oore tí ń tẹ̀lé e. Àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, bí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá wú, ọkọ́ ni yóò gbé sílẹ̀.

Kóòṣì, mo ti ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà funfun kan, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ẹ jẹ́ ká jọ kun ògiri yẹn lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ sì bá mi wọn ike apá ọ̀tún.